Okùn Agogo Nives

Ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Modena ní Ítálì, bí ọkọ̀ pupa tí wọ́n ń ṣe lágbègbè ibẹ̀ bá gba ipò kìíní nínú eré ìje ọkọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó ṣì wà lórí ibùsùn. Kò sí òfin tó ní kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí fadá tó jẹ́ dá a dúró. Nives Bergonzini ló ń fa okùn rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò bímọ, kò sin ajá. Okùn yẹn nìkan ni ohun tó ní tí ẹlòmíì ń jowú.

Ẹni tó ń jowú náà kò jìnnà: Learco ni, àbúrò ọkọ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà eré tó ṣí ọdún, ọkọ̀ pupa ló kọ́kọ́ dé, Nives sì sáré lọ fa okùn. Kí agogo tó dákẹ́, àwọn adájọ́ eré ti fìyà jẹ awakọ̀, wọ́n ti dá a padà sí ipò kẹta. Àwọn ará ìlú kejì fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ọdún fi parí. Bó bá lọ ra wàràkàṣì lọ́dọ̀ wọn, wọn a bi í bóyá ó dá a lójú pé wàràkàṣì ni. Fadá Ermes wá là á mọ́lẹ̀ fún un: bó bá tún fi agogo parọ́, Learco ni yóò máa fa okùn.

Ọ̀sirélíà ni wọ́n ti sá eré tó ṣí ọdún yìí, ìdájí ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wọn. Learco wá wò ó nílé Nives. Ó ní tẹlifíṣọ̀n òun ń ṣe wúruwùru. Irọ́ ni, obìnrin náà ló wá ṣọ́. Ọkọ̀ pupa ló ń ṣíwájú bọ̀ tẹ́lẹ̀, kí òjò tó rọ̀, kó tó yọ̀ bọ́ sínú koríko. Nígbà tó fi padà sójú ọ̀nà, ipò kẹrin ló kù fún un.

Learco ní, “Ìyàwó wa, o ò wá lọ fa okùn? Ẹni kẹrin náà ṣáà délé.”

“Mu kọfí ẹ, Learco.”

Nives wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ lu agogo Mísà àárọ̀. Agogo kan náà ni, ọwọ́ ló yàtọ̀. Ti Mísà, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni wọ́n ń fà á. Ti ìṣẹ́gun, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí ẹ̀wà. Jẹ́jẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rántí koríko yẹn. Ó tún rántí rẹ̀. Kó tó mọ̀, ọwọ́ ti ń sáré.

Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tọkùnrin tobìnrin tú jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn àti àsíá pupa, wọ́n sì forí lé ṣọ́ọ̀ṣì.

Learco ti débẹ̀ ṣáájú wọn, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Fadá, ó tún ti ṣe é.”

Nives na okùn sí fadá pé kó gbà á.

Fadá Ermes yọjú wo inú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti Kérésì, àwọn ìyá arúgbó díẹ̀ nìkan ló ń rí lójúkojú láàárọ̀. Lónìí, ìjókòó ti kún, àwọn èèyàn ń fara ti ògiri.

Ó bi Nives pé, “Agogo kí lẹ lù?”

“Ti Mísà ni, Fadá.”

“Ṣé Mísà kọ́ ni wọ́n wá yìí? Irọ́ wo ni agogo wá pa?” Ó yíjú sí Learco. “Ìwọ, lọ jókòó níwájú. O ò gbọdọ̀ la ẹnu títí n ó fi parí ìwàásù.”

Ìwàásù náà gùn. Orí sùúrù ló dá lé. Ìgbà tó parí ló tó sọ ipò tí ọkọ̀ pupa gbà fún wọn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà yẹn, Nives ti wà nídìí agogo, ó ń so okùn mọ́ èèkàn rẹ̀, ó sì ta á ní kókó tí Learco kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú.