Abẹ́rẹ́ Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Oke-Aro. Abẹ́rẹ́ tó fi ń pa kòkòrò ara ẹlẹ́dẹ̀ náà ló fi ń gún àwọn ajá ìbílẹ̀ tó ń ṣọ́ ọgbà. Eégbọn á já bọ́, ajá á máa sáré kiri, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa fọ́nnu pé kí ni òun fẹ́ fi dókítà ẹran ṣe.

Nígbà tí olè wọlé Màmá wa, ẹ̀gbọ́n mi ra ajá òyìnbó onírun gígùn kan fún wọn. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi tí wọ́n bí lọ, mo sì máa ń sọ ọ́ lójú wọn. Nígbà tí ajá náà bímọ, ọ̀kan ṣoṣo ló yè, àbúrò mi obìnrin sì mú un lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Mowe.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi gún gbogbo ajá ọgbà, ó gún ti Màmá mọ́ wọn, ó sì jáde lọ. Àwọn ti ìbílẹ̀ ń jẹun. Ti Màmá kọ́kọ́ sùn. Nígbà tó jí, ó ń rìn bí ọ̀mùtí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń forí sọ ògiri. A gbé e sínú mọ́tò, ó di Ifo.

Dókítà ẹran gbọ́ irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un, ó sì fi iná wo ojú rẹ̀.

“Màmá, nǹkan kan wà lára ajá tó máa ń lé oògùn yìí padà kó má baà wọ ọpọlọ. Irú ajá yín yìí, wọn ò bí i mọ́ àwọn kan nínú wọn.”

“Ṣé kò sí nǹkan tó lè pa oró ẹ̀ ni?”

“Kò sí, mà. A máa fa omi sí i lára, ká máa wò ó. Ṣé ó ti bímọ rí? Àwọn ọmọ máa ń jogún àbùkù yìí.”

Màmá wò mí. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ láàárọ̀. Mo pè é lórí fóònù.

“Mo ti gún ti Mowe náà,” ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. “Kò tiẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Ó ń sùn.”

“Ẹ jí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i.”

Mo gbọ́ bó ṣe ń pe ajá náà. Ó pè é, ó tún un pè. Nígbà tó yá, ohùn ọmọ àbúrò mi ni mò ń gbọ́ tó ń pè é.