Ìró Tó Ń Gbé Ìró Mì

Láti Fádèyí títí dé etí ọ̀sà ní Bàrígà, kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé máìkì sí jù mí lọ. Mi ò fi yangàn o; bó ṣe rí ni mo sọ. Àwọn tó lọ sí yunifásítì ti wá bá mi rí, wọ́n gbé ìwé jáde, wọ́n ní ìwé sọ pé ìbú ọwọ́ kan ni kí máìkì fi jìnnà sí ẹnu olórin. Mo ní, "Ṣé ìwé yẹn ti gbọ́ ohùn arábìnrin tó fẹ́ kọrin yìí rí?" Wọ́n ká ìwé wọn. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó jáde, ṣùgbọ́n etí mi ò jáde ní tiẹ̀. Ó ń kàwé lọ títí dòní.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Tí olórin bá dé, mi ò ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan máìkì kankan. Màá ní kó dúró sáàárín yàrá, kó máa kọ orin tó bá wù ú. Màá wá fi ìka di etí kan, màá máa fi èkejì yí i ká bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Màá bẹ̀rẹ̀, màá nàró, màá sún mọ́ àyà rẹ̀ díẹ̀, màá tún fà sẹ́yìn. Ibì kan máa wà tí ohùn yẹn á ti tutù wọ etí mi bí omi àmù. Ibẹ̀ ni mo ń gbé máìkì sí. Kì í ṣe iwájú ẹnu nígbà gbogbo. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ń ta bí ata, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń gbé tiẹ̀ sí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá tín-ín-rín, màá jẹ́ kó sún mọ́ ọn gan-an, torí máìkì máa ń fi ẹran kún ohùn tó bá sún mọ́ ọn. Ti onígìtá, ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ikùn rẹ̀ ni mo ń kọjú máìkì sí. Àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀ ní yàrá ìyá wọn, ojú ihò gìtá ni wọ́n ń kì í bọ̀, gìtá á wá máa kùn bí oyin inú igi. Wọ́n á ní bó ṣe ń dún nìyẹn. Kì í ṣe bó ṣe ń dún nìyẹn.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bajulaiye ni sítúdíò mi wà. Ilé ìtẹ̀wé ló wà nísàlẹ̀ mi, bó ṣe wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣómólú wa. Tí ẹ̀rọ ńlá yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kálẹ́ńdà, ilẹ̀ yàrá mi á máa gbọ̀n, máìkì á sì máa gbọ́ ọ láti ẹsẹ̀. Mo gé táyà ọkọ̀ àtijọ́ wẹ́wẹ́, mo fi ṣe bàtà fún gbogbo irin tí mo ń gbé máìkì lé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ojú oorun ló ti wá sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ògiri sítúdíò náà, èmi kọ́ ni mo tún un ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá náà, tó o bá pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, yàrá á dá a padà fún ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ibi tí mo gbé máìkì sí tí kì í dà bíi pé inú kànga la ti ń kọrin. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ, ó padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó ru ẹrù aṣọ dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn ìró rẹ̀ mọ́ ògiri, àǹkárá, àdìrẹ, gínì, kò nà wọ́n gbọọrọ, ńṣe ló jẹ́ kí wọ́n wé lé ara wọn. Ó fi kúbùsù méjì kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Dádì, ẹ pàtẹ́wọ́ wò." Mo pàtẹ́wọ́. Pá! Ó parí síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rí i? Ìró ló ń gbé ìró mì."

Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Irọ́ ni. Òun ló sọ ọ́. Òun náà ló ń bá mi kọ gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ òyìnbó: lẹ́tà, fọ́ọ̀mù, orúkọ orin lára páálí. Yorùbá ò nira fún mi láti kọ, ẹ sáà ń rí i. Òyìnbó ni èmi àti òun ò bára wa sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí ọmọ wa obìnrin bímọ ní Kánádà, tí ìyá rẹ̀ lọ bá a tọ́jú ìkókó. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ. Oṣù mẹ́fà di ọdún, wọ́n ní ọmọ ò tíì rìn. Ọmọ rìn, wọ́n ní ìyá ọmọ ti padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí èmi náà ò lọ, mo ní wọ́n pè mí títí, èmi ni mo kọ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ kí n fi Ṣómólú sílẹ̀ fún?

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń ká ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mi ò kì í gbọ́ ọ lórí fóònù lásán bí àwọn ẹlòmíràn. Mo ń so ó mọ́ agbọ́hùn ńlá tí mò ń dé mọ́ etí, màá gbé ẹ̀bà mi síwájú, màá máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń jẹun. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Èmi ń gbọ́ yàrá. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ń ta mọ́ ògiri, ó ń ta mọ́ ilẹ̀. Yàrá àlejò, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrìn-àjò lọ. Inú mi ń dùn sí i. Ẹni tó wà ní yàrá báyẹn, ó ń bọ̀ nílé. Lẹ́yìn náà, ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ti ta aṣọ sójú fèrèsé. Lọ́dún yìí, yàrá ti ń gbé ohùn rẹ̀ mì pátápátá, bíi pé àárín ẹrù tó pọ̀ ló jókòó sí. Mo sọ fún ara mi pé òtútù ni, pé wọ́n kàn ń ti gbogbo nǹkan pa ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, ọ̀gá ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ gun òkè wá bá mi. Ẹgbẹ́ ni wá, kò sí ìbọ̀wọ̀ láàárín wa.

"Ọ̀gá Máìkì! Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Kálẹ́ńdà ọdún mẹ́ta ni mo ti tẹ̀ lórí ó-ń-bọ̀ yìí."

"Ṣé ìwọ lo ni ìyàwó ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo ni kálẹ́ńdà."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo jókòó sínú òkùnkùn yàrá tí kò ní fèrèsé, kò sí ohun tó ń dún, kódà ìmí mi, aṣọ ń gbé e mì.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá kan wá gba orin sílẹ̀. Ẹja gbígbẹ ló ń tà létí omi ní Bàrígà, ara àwọn tó wá láti etí òkun Oǹdó ni òun náà. Orin ìdúpẹ́ kan tó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ dára, ó fẹ̀ bí àwọ̀n. Ṣùgbọ́n "fẹ́" pọ̀ nínú orin náà, Olúwa fẹ́ mi, Olúwa fẹ́ ilé mi, gbogbo ìgbà tó bá sì ti dé orí rẹ̀, atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ á gbá máìkì, bùù! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò lè rí nínú ìwé fún yín: ohun tí àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù ni "p" tiwọn. "P" tiwa ò ní atẹ́gùn nínú, inú ọ̀fun ló ń wọ̀ sí. "Fẹ́" ni ọ̀tá máìkì nílẹ̀ Yorùbá. Fẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, fẹ́ tí ọkùnrin ń fẹ́ obìnrin, ọ̀kan náà ni wọ́n létí máìkì.

Mo ní, "Ìyá, tẹ́ ẹ bá ti ń dé orí 'fẹ́', ẹ yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ má kọjú sí i gan-an."

Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ìyàwó yín? Ògiri lẹ ń kọjú sí?"

Obìnrin tó tẹ̀ lé e wá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan.

Mo ní, "Ìyàwó mi kì í ṣe máìkì."

"Ẹn-ẹ́n! Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

A gba orin náà sílẹ̀, ó dára. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀rọ̀ yẹn dúró sínú yàrá, kò bá wọn lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ohùn ìyàwó mi wọlé. Ó kí mi, ó bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó wá ní, "Dádì, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ ní Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú àwọn ìró mi tó wà lára ògiri yẹn, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ kó wọn fún un. Mo ti ń jáde sí òde báyìí, mi ò rí nǹkan ró."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Obìnrin tó ń bọ̀ nílé kì í ránṣẹ́ wá kó ìró rẹ̀ nílé.

Mo tú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó, kí aṣọ má baà ya. Lábẹ́ wọn, ọ̀dà ògiri ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún. Àdìrẹ kan wà níbẹ̀ tó ró lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ wa. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó kó o sínú ike. Mo fọ gbogbo rẹ̀ fúnra mi, mo sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ń wò mí, kò sẹ́ni tó bi mí. Nígbà tí mo padà sókè, mo wúkọ́. Yàrá wúkọ́ padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní màá ká ohùn tèmi náà ránṣẹ́ sí i, kó mọ irú ọkọ tó fi sílẹ̀. Mo gbé máìkì ńlá jáde, èyí tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ṣómólú. Mo gbé e kalẹ̀, mo sì dúró. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mi ò lè yí ara mi ká. Kò sí ẹni tó máa fi ìka di etí kan kó wá ibi tí ohùn mi ti dùn bá mi. Mo sún mọ́ ọn, mo ń dún bí ẹni tó ń polówó oògùn. Mo fà sẹ́yìn, ògiri gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo sọ pé, "Mọ́mì, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, oníbàárà ò jẹ́ kí n sinmi," mo gbọ́ ọ, mo pa á rẹ́. Mo tún un sọ lọ́nà mìíràn, mo tún pa á rẹ́. Nígbà tó yá, mo mú fóònù, mo ní, "Mo ti tú wọn. Mo ti fọ̀ wọ́n. Kẹ́ni náà wá kó wọn lọ́la." Mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tó fi dáhùn. Kò kí mi.

"Dádì, ṣé inú sítúdíò lẹ wà? Ohùn yín dá wà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ògiri. Ọdún kẹta rèé, ẹ ò sọ fún mi rí pé kí n máa bọ̀. Tí mo bá pè, ẹ ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Tí mo bá ní kí ẹ wá, ọwọ́ yín dí. Ọmọ yín ti tún lóyún, mi ò lè wá lọ́dún yìí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ máa wá ni, àbí kí n má retí yín mọ́?"

Mo jókòó sílẹ̀. Iná dé, ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ gbéra, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí mi. Ní gbogbo ayé mi, mi ò gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí nígbà tí ẹ̀rọ yẹn bá ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ fóònù bẹ́ẹ̀, kó máa gba ohùn mi.

Mo ní, "Mọ́mì, ọwọ́ mi ò dí. Mi ò ní páásípọ́ọ̀tù. Ọmọ wa tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó o lọ, pé kí n kọ ohun tí wọ́n bi mí síbẹ̀ kóun lè bá mi fi sórí kọ̀ǹpútà. Abẹ́ ibùsùn ló wà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Ojú ń tì mí láti gbé e fún ẹlòmíràn. Ó wù mí kí n wá."

Mo fi ránṣẹ́ kí n tó lè gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, mo lọ fa fọ́ọ̀mù náà jáde, mo gbọn eruku rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá ìtẹ̀wé. Mo na ìwé náà sí i, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Bá mi kọ ọ́." Mo ń retí kó fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó na ọwọ́ pa ẹ̀rọ ńlá náà, gbogbo ilé sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa àga fún mi. Ó wá bírò títí, ó rí i lẹ́yìn etí ara rẹ̀.

Ó ní, "Ó yá. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ?"

Mo fa fóònù yọ lápò.

Mo ní, "Dúró ná. Ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n."