Àmín Tí Ìyá Mi Kò Ṣe

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi lónìí, tó sì jẹ́ kí ìyá mi ṣì lè jókòó nídìí tábìlì kó sọ fún mi pé oúnjẹ mi kò dùn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dàgbà tó mi ni kò ní ìyá tí yóò bá wọn wí mọ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni.

Ìyàwó mi rìnrìn àjò lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa nílùú òyìnbó, ó wá ku èmi àti ìyá mi nínú ilé ní Òkè-Ìlá. Kó tó lọ, ó fi ìkòkò rẹ̀ kan hàn mí, èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí irin kàn án o." Ọmọ wa gbọ́, ó fi ẹrù ránṣẹ́: ṣíbí sílíkóònù, ohun tó rọ̀ bíi rọ́bà ṣùgbọ́n tí ooru iná kì í yọ́, pẹ̀lú àwọn ife kéékèèké tí wọ́n fi ohun kan náà ṣe. Kéèkì ni wọ́n ń fi ife náà se lọ́hùn-ún. Ó ní kí n máa fi í se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún ìyá àgbà.

Inú mi dùn sí i, mo fi ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ fọ gbogbo wọn. Láti ìgbà tí eyín ìyá mi ti ń dín kù, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láìjẹun.

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ṣe àmín sí oúnjẹ tí a kò ní jẹ. Ìyá mi ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìyìn-Èkìtì. Lójú tirẹ̀, bí o bá ti ṣe àmín, o ti gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run; bí o kò bá wá jẹ ẹ́, o ti purọ́ fún Un.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ife síwájú rẹ̀, mo gbàdúrà, mo lajú. Ó ń wo abọ́ náà.

"Màmá, ẹ ò ṣe àmín."

"Mo gbọ́ àdúrà rẹ, ó dáa. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ ló ń rùn bí aṣọ."

"Aṣọ kẹ̀?"

"Aṣọ. Àbí inú àpótí lo ti sè é?"

Mo tọ́ ọ wò, ata nìkan ni mo mọ̀ lẹ́nu. Ó mu ògì díẹ̀, ó lo oògùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ṣíbí tuntun náà ro ọbẹ̀. Kò ṣe àmín sí ìyẹn náà. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú nídìí, torí ó ń rù. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, mo dìde; bí mo bá jáde dé ẹnu ọ̀nà, mo padà.

Mo kó àwọn ife náà lọ bá obìnrin aládùúgbò wa tó ń ṣe kéèkì tà. Ó ní, "Ẹ lọ́ ọ, sà. Bẹ́ ẹ bá rí funfun níbi tẹ́ ẹ ti lọ́ ọ, wọ́n ti da nǹkan míì mọ́ ọn."

Mo lọ́ gbogbo wọn. N kò rí funfun, mo tún wọn lọ́.

Ó ní, "Ẹ rọra, sà. Ife ni, kì í ṣe ọrùn adìẹ."

Mo pe ọmọ wa lórí fóònù. "Dádì, ojúlówó ni. Bóyá ọwọ́ Mọ́mì ni Màmá ń fẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tù mí nínú. Mo tún da ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà sínú báfù, mo rẹ ṣíbí àti ife síbẹ̀ mọ́jú. Ìmọ́tótó ni mo rò pé mo ń ṣe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ara ìyá mi kò gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ni mo lọ. Nígbà tí wọ́n ní ká gbàdúrà, mo gbé orí lé apá mi, imú mi sì wọ inú ọwọ́ aṣọ tí mo fọ̀ fúnra mi. Òórùn ọṣẹ náà gbà mí nímú. Bí aṣọ. N kò jáde rí kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn, ṣùgbọ́n mo dìde lọ́jọ́ náà, mo gun ọ̀kadà lọ sílé.

Mo gbé ife kan lọ bá ìyá mi, mo na ọwọ́ aṣọ mi sí i pẹ̀lú.

"Màmá, ẹ gbóòórùn èyí. Ẹ tún gbóòórùn èyí."

"Ọ̀kan náà ni. Mo ti sọ fún ọ."

"Ẹ ò sọ pé ọṣẹ ni."

"Mo ní aṣọ. Kí ni wọ́n fi ń fọ aṣọ? Ìwọ tó o kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde. "Lọ já ewé wá."

Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti lọ, ìyá mi kò tíì wọ ilé ìdáná. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ṣẹ́ ewé, èmi ń bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i. Èyí tí mo dì fúnra mi ń jò.

"Ṣé àpò ìwé lò ń ṣe ni?" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un dì.

Kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó jinná, mo se ṣíbí àti ife nínú omi lásán, mo sá wọn sóòrùn. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ̀rù sì ń bà mí láti lajú. N kò tíì dárúkọ Jésù tán.

"Àmín," ni ìyá mi wí. "Ó ń tutù."

Àwọn kan ti bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn ra ohun sílíkóònù. Ṣíbí náà yẹ ní rírà: ìkòkò ìyàwó mi kò ha rárá, lílò rẹ̀ sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ṣáà má fi ọṣẹ olóòórùn kàn án, torí ó ń fà á mu, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀. Ní ti ife, ó rọ̀ ju kí ẹ gbé e ní kíkún láìfi àwo gbè é lábẹ́. Tèmi ṣì wà lóòrùn.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oúnjẹ rẹ kọ ẹnu ẹni tó o fẹ́ràn. Kí àwọn tó yí tábìlì rẹ ká ṣe àmín kí o tó parí àdúrà, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ yó.