Ta Ni Yóò Pe Sáwámu?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àgbàlagbà kan wà ní Kotobabi, nílùú Accra, tó ń fi reluwé ṣeré. Mọ́nsúrù Àtàndá lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá wọ yàrá rẹ̀, tábìlì gbọọrọ kan lẹ máa bá níbẹ̀, tó gba ilẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń kọjá lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Orí tábìlì yìí ni reluwé ọ̀hún wà. Agolo mílíìkì ló fi ṣe ọkọ̀ rẹ̀, wáyà ló fi ṣe irin ojú ọ̀nà, mọ́tò inú rédíò onítéèpù kan tó ti kú ló sì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bẹ ẹnì kankan níṣẹ́, torí iṣẹ́ páànù niṣẹ́ òun fúnra rẹ̀. Ààrò eléèédú tí ọ̀pọ̀ obìnrin Kotobabi fi ń dáná, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Àwọn ọmọ inú ọgbà kì í pè é ní reluwé. Kẹ́tẹ́kẹ́ ni wọ́n ń pè é, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pè é.

Orúkọ àwọn ibùdó tó wà lójú ọ̀nà náà gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà reluwé àtijọ́, tó ti Accra lọ sí Kumasi, ni Àtàndá tẹ̀ lé. Ibi tí reluwé ti ń gbéra ń jẹ́ Àkàrà. Ó yé yín, àbí? Níbi tó yẹ kí Achimota wà, ẹ máa bá Aṣìmọ́tò, torí kò sẹ́ni tó dé gárééjì ibẹ̀ tí kò ṣi ọkọ̀ wọ̀ rí. Nsawam di Sáwámu, nítorí àwọn olómi àti oníbúrẹ́dì tó máa ń sá tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀ láyé ìgbà tí reluwé ṣì ń rìn. Koforidua di Kòfẹ́ríwa: gbogbo ìgbà tí Àtàndá àti ìyàwó rẹ̀ bá múra ibẹ̀, ọkọ̀ á kú sójú ọ̀nà. Kumasi tó wà lópin, kí irin tó yí padà dé Àkàrà, wá di Kòmàsí. Ohun yòówù tí ẹ bá débẹ̀ bèèrè, wọ́n á ní àná ló tán.

Fáòsíà, ìyàwó Àtàndá, ló sọ wọ́n lórúkọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá sí Accra nígbà tó ṣì kéré, ó sì bá agbo ilé ọkọ rẹ̀ tó kún bámúbámú. Ẹ sáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Àbúrò ọkọ tó dúdú di Adúmáadán, èyí tó ń lọ síléèwé di Akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kan wà tí kì í jí àfi tí oòrùn bá kan àtàrí. Fáòsíà ní Bàbá Òwúrọ̀ ni tòun. Ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá a jà, torí orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń pe gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́ tí Àtàndá fi òjé lẹ ibùdó àkọ́kọ́ mọ́ ojú ọ̀nà, ó kọ Nsawam sí i lára, ó ní kí ìyàwó òun kà á. Fáòsíà ká apá mọ́ àyà.

"Bàbá Ìdíátù, ìlú yìí, ṣé èmi ni mo bá a níbí, àbí òun ló bá mi?"

"Ìwọ lo bá a."

"Ẹ ti dáhùn. Ohun tí mo bá nílé ọkọ, mi ò ní pe orúkọ ẹ̀."

"Ìlú ńkọ́? Ìlú náà lo fẹ́ bọ̀wọ̀ fún?"

"Ìlú ọkọ mi kọ́ ni? Sáwámu ni màá máa pè é."

Àtàndá rẹ́rìn-ín títí òjé gbígbóná fi já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó ń fò sókè, ó ń ké yéè, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Fáòsíà mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná, ó kùn ún bo Nsawam mọ́lẹ̀, ó ní kí Ìdíátù ọmọ wọn kọ Sáwámu lé e. Bí gbogbo yòókù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun alẹ́ tán, reluwé á gbéra. Àtàndá á wà nídìí mọ́tò, Fáòsíà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, obìnrin yìí á ké, "Sáwámu rèé o! Ẹ sá wá mu o! Ẹni bá ń bọ́ọ́lẹ̀, kó má gbàgbé ọmọ!" Àtàndá á dáhùn pé, "Ó ń lọ o!" Ìgbà náà ló tó máa tú u sílẹ̀. Bí Fáòsíà ò bá tíì pè, reluwé kì í kúrò, kódà bó bá lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Àtàndá ò sì jẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ wọ̀nyẹn láé. Orúkọ tí ìyàwó bá fún nǹkan, ẹnu ìyàwó ló ń gbé. Ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó bá ń pè é, wọ́n á bi í léèrè ta lọkọ rẹ̀.

Àìsàn wá dé. Àtẹ̀gùn ilé Kotobabi ga, Fáòsíà ò lè gùn ún mọ́, ni wọ́n bá gbé e lọ sílé Ìdíátù, àkọ́bí wọn, tó ń ránṣọ ní Madina. Àárọ̀ àárọ̀ ni Àtàndá ń wọkọ̀ lọ wò ó. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á padà sí Kotobabi. Ilé Ìdíátù ni Fáòsíà kú sí, lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Kí a má parọ́ fúnra wa, ìdáwà burú. Ènìyàn á ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja wálé, á bu omi wẹ̀, á kírun, á sì ṣàkíyèsí pé òun ò tíì gbọ́ ohùn ara òun láti àárọ̀. Bí Àtàndá bá tan reluwé, kò mọ ibi tó máa dá a dúró sí, torí bó bá dúró, ta ló máa ní kó lọ? Ó kúkú jẹ́ kó máa yí po, kó máa kọjá lára Sáwámu, kó máa kọjá lára Kòfẹ́ríwa, láìdúró, títí bátìrì á fi kú. Ọkùnrin yìí ò bẹ Ọlọ́run fún owó tàbí fún ilé. Ohun kan ló ń fẹ́: kí òun tún gbọ́ kí ẹnì kan pe àwọn ibùdó yẹn nínú yàrá òun kí òun náà tó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Ìdíátù gbé wáákyé wá fún un, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀, torí ó mọ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn rẹ̀. Accra ni wọ́n bí Ìdíátù sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá fẹ́ sọ ọ́, Twi àti Gà á máa já lù ú. Ó dúró, ó ń wo bí reluwé ṣe ń yí. Ó wúkọ́, ó gbójú sókè, ó ké:

"Sáwámu rèé o! Ẹ sá wá..."

"Dákẹ́!" Àtàndá ti pa mọ́tò. "Ta ló ní kó o pè é?"

"Bàbá, mo kàn ní kí n..."

"Ọmọ ilé ni ọ́, o kì í ṣe ìyàwó. Orúkọ ìyàwó lò ń fẹnu kàn yẹn. Bó bá ń wù ọ́ láti máa pe orúkọ, ilé ọkọ tìẹ ni kó o ti lọ pè é!"

Háà, Àtàndá! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ìdíátù fi ìdérí bo wáákyé, ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Àtàndá lo òsì tán, ó káwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn pé, Suhaib, àbúrò Ìdíátù, ló gbé oúnjẹ wá. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Àtàndá mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ ó gba oúnjẹ, ó dúpẹ́.

Ó wá ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Ó ní ṣebí ìyàwó kan ṣì kù nílé òun: Zuweira, ìyàwó Suhaib, ọmọ Hausa láti Zongo, àdúgbò àwọn Hausa ní Madina. Fáòsíà ti kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ilé ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àtàndá ní kí Suhaib mú un wá. Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, bàbá gbálẹ̀, ó ra bátìrì tuntun, ó fi òróró pa ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó wọ jalabíà funfun. Ẹ ò rí i bí? Àfi bí ẹni tó ń retí àlejò láti Mẹ́kà.

Zuweira wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ìborùn bo ojú, ó kọjú sógiri. Àtàndá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó tan mọ́tò. Reluwé kúrò ní Àkàrà, ó gba Aṣìmọ́tò kọjá, ó dé Sáwámu, ó dúró. Ó dúró títí. Bàbá na ọrùn bí adìẹ tó gbọ́ dídún àgbàdo. Zuweira ò sọ nǹkan kan.

Suhaib yọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìyàwó kì í gbóhùn sókè níwájú bàbá ọkọ. Ojú ń tì í. Ọ̀wọ̀ yín ni."

Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Àṣà ló fi lé ọmọ rẹ̀ jáde, àṣà náà ló tún dá a lóhùn. Ó ní kò burú, ó súre fún wọn. Wọ́n ti ń bọ́ sálẹ̀ nígbà tí Zuweira sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí, lédè Hausa. Ó gbàgbé pé ọmọ Zongo lọ́kùnrin yìí náà, pé ó gbọ́ Hausa. Àtàndá ti gbọ́: "Ìdíátù ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló ń pè é fún Màmá lálaalẹ́?"

"Suhaib! Padà wá. Kí ni ìyàwó rẹ sọ yẹn?"

Suhaib padà, ó dúró sórí àtẹ̀gùn. Ó ní nígbà tí ìyá àwọn wà lórí àìsàn, kì í rí oorun sùn. Ìdíátù á jókòó tì í, á máa pe ibùdó lọ́kọ̀ọ̀kan láti Àkàrà títí dé Kòmàsí, Màmá á máa fi ohùn tínrín dáhùn pé, "Ó ń lọ o," bíi ti Bàbá gan-an, títí oorun á fi gbé e lọ. Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ohùn rẹ̀. "Ó ní kó má jẹ́ kí ẹ máa wa reluwé nínú ìdákẹ́jẹ́ bí òun bá kú. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún yín."

Àtàndá ní kí wọ́n máa lọ, òun á lọ bá Ìdíátù fúnra òun.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọ ọkọ̀ Madina. Ó ń ka ọ̀rọ̀ tó máa sọ látẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀bù Ìdíátù, àmọ́ nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ìdíátù dìde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kò sí nǹkan o?"

"Dìde. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni." Oníbàárà kan wà níbẹ̀, Àtàndá ò tilẹ̀ wo ibi tó wà. "Wọ́n ti sọ fún mi. Iṣẹ́ ìyá rẹ lo wá jẹ́, mo sì lé ọ. Mi ò mọ̀, Ìdíátù. Má bínú sí mi."

"Dáàbí, Bàbá, rárá o. Mi ò bínú. Ẹ jókòó."

Ó bu omi fún un. Ara Àtàndá fúyẹ́ díẹ̀, ó gba ife, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bá mi pè é, nígbà náà. Ẹyọ kan péré. Ìwọ ni kó o mú èyí tó wù ọ́."

Ìdíátù la ẹnu. Èémí jáde, ohùn ò jáde. Ó tún gbìyànjú rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú.

"Kò wá mọ́, Bàbá. Lálaalẹ́ ni mo máa ń pè é fún ara mi tẹ́lẹ̀ kí n tó sùn, lẹ́yìn tí Màámi lọ. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú yẹn, bí mo bá ti la ẹnu báyìí, ohùn yín ni mò ń gbọ́, tí ẹ ní, 'Ọmọ ilé ni ọ́.' Mi ò gbọ́ tiwọn mọ́ rárá."

Àtàndá gbé ife sílẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó jókòó tì í. Lójú títì, àwọn méètì tó ń kó èrò sọ́kọ̀ ń na ọwọ́ síta, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn èrò ń sáré dá wọn lóhùn.