Páìpù tí Mo Fi Pákò Dí

Lọ́jọ́ tí Dókítà kọ́kọ́ gbé mọ́tò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Challenge, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ ló kù kí n tún un dé padà. Páìpù rọ́bà ló kún ibẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn o. Olùkọ́ yunifásítì ni, Amẹ́ríkà ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti gbé mọ́tò ọ̀hún bọ̀.

Eruku ọyẹ́ ló gbé e wá. Fílítà bébà tó wà lórí kabúrétọ̀ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi ń dí, ẹ́ńjìnnì á sì máa wúkọ́. Mo ní kí a fi fílítà lọ́rì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí nísàlẹ̀ kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ní, “Ó dáa, ṣùgbọ́n Sálíù, má yọ páìpù kankan. Wọ́n ń dá èéfín ẹ́ńjìnnì padà sínú iná kó tún jó, kó má fẹ́ síta. Mọ́tò yìí ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù. Bí èéfín bá kàn án báyìí, kò ní lè mí.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Lóòótọ́ ni mo gbọ́, àmọ́ etí mi ló gbọ́, ọwọ́ mi kò gbọ́. Bàbá Ràímì tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kì í fẹ́ rí ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Páìpù tí kò bá ti yé e, á gé e, á fi pákò dí ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń ṣe nígbà náà, torí igi orín kì í tètè jẹrà. Nígbà tí mo gbé fílítà lọ́rì sórí kabúrétọ̀, kò sí ihò tí páìpù èéfín lè wọ̀ lára rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo yọ pákò ẹnu mi, mo gé e, mo fi dí ẹnu páìpù náà. Ẹ́ńjìnnì dún kíkankíkan. Mo ń fi ẹnu ara mi yin ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà sáré wọlé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò, ó fi gèlè bo imú, àyà rẹ̀ ń súfèé. Èéfín tí mo dí lẹ́nu ti gba ẹnu ibi tí wọ́n ń gbà bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì jáde, ó sì kún inú mọ́tò. A gbé ìyá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, a ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

“Sálíù, kí lo ṣe?”

Mo nawọ́ sí pákò náà.

Nígbà tí èémí ìyá padà, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Wallahi, ṣé ó kúkú ti run ún tán kó tó dí i?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Mo gbé fílítà lọ bá Jímọ̀ wẹ́dà, ó lu ihò sí ọrùn rẹ̀, ó jó páìpù irin kékeré mọ́ ọn. Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo fi kílíìpù dè é. Mo wá fi bébà lé ẹnu ibi ìbu-ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láti fi dán an wò. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bébà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pinpin, èéfín kò tì í sókè mọ́. Títí mo fi fẹ̀yìn tì ni mo ń sọ fún àwọn mẹkáníìkì pé kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gé.

Ìyá gbà láti tún wọlé. A ti gbogbo fèrèsé pa. Dókítà ń wa mọ́tò, mo jókòó tì í. A yí GRA ká, a kọrí sọ́nà Tanke, níbi tí oko ṣì pọ̀ nígbà náà. Ìyá kò wúkọ́, kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló já mi láyà. Mo fẹ́ wẹ̀yìn, ọrùn mi kọ̀. Dókítà náà tẹ bíréèkì.

“Ìyá! Ìyá!”

Ìyá la ojú díẹ̀. Oorun ló ń sùn.

“Kí lẹ dúró ṣe? Láti àná ni mi ò ti fojú kan oorun. Ẹ máa wà á lọ jàre.”

Dókítà gbórí lé stíà, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú mi, mo ń sọ pé alihamudulilai. A yí GRA ká lẹ́ẹ̀mẹta sí i lọ́jọ́ náà, a ò bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ kan, kí a má baà jí i.