Yímíyímí Inú Yàrá Wa

Òórùn ìgbẹ́ màlúù ni mo fi ń rántí yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìlọ́bù. A kò sin màlúù o. Ọkọ mi, tí í ṣe tíṣà, ló gbé àpótí pákó kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wa, ó da iyẹ̀pẹ̀ sí i dé ìdajì, ó da ìgbẹ́ tútù lé e, ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Yímíyímí méjì ló wà nínú rẹ̀, akọ tó ní ìwo lórí àti abo. Ó fẹ́ kí abo yé ẹyin, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè fojú ara wọn rí bí ẹyin ṣe ń di kòkòrò. Ó ní bí òun bá gbé e síta, adìyẹ á tú u. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí láti Ìfọ́n, ìgbẹ́ màlúù kì í ṣe àjèjì sí mi, ṣùgbọ́n ta ló ń bá a sùn?

Nítorí pé ọkọ mi ń tètè lọ síléèwé, èmi ni mo ń lọ bu ìgbẹ́ tó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní gáà àwọn Fúlàní. Ó ń wọ abẹ́ èékánná mi. Màá fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí, màá ṣe àlùwàlá, síbẹ̀ bí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti kírun, òórùn náà ni yóò kọ́kọ́ kí mi. Oúnjẹ kò wù mí jẹ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akọ yọ jáde, mo sì dédé rí i pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ ń rìn lọ́rùn mi. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, mo bì tìfun-tẹ̀dọ̀.

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, gbọ́. Ó sáré jáde, ó di ikùn mi mú, ó ní, "Alihamudulilahi! Oṣù mélòó ni?" Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa ni, mi ò tíì lóyún rí. Nígbà tí mo sọ fún un pé kòkòrò ni, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló pè mí jókòó. "Ìyàwó, má bínú. Ilé ò gbọdọ̀ ṣófo. Mo ti rí ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀rìn fún ọkọ rẹ." Ọkọ mi gbọ́, ó tún kọjú sí àpótí rẹ̀. Inú bí mi sí i ju bó ṣe ń bí mi sí kòkòrò lọ.

Abo inú àpótí náà kò yé. Ọkọ mi pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ó ní ó ti gbẹ jù. Ó fi aṣọ bo nẹ́ẹ̀tì, ó ní ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó mú akọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó yí i padà, ó ní, "Ó jọ pé akọ yìí ni kò dáa. Màá wá òmíràn."

Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé abọ́ ìgbẹ́ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ bọ́wọ́ mi ṣe rí yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ ti yẹ ilẹ̀ wò fún un, ẹ ti yẹ ìmọ́lẹ̀ wò, ẹ ti wá ń yẹ akọ wò. Nínú ilé yìí, èmi nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò."

"Ọmọ Ìfọ́n, ẹnu ẹ mú," ni ìyá ọkọ mi wí.

Ọkọ mi dá kòkòrò padà, ó bọ́ síta. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọn yóò dá mi padà sílé bàbá mi. Àmọ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kò lọ síléèwé. Ó ní kí n múra, àwa méjèèjì ń lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo.

"Kí ló ń ṣe ìwọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"A ò tíì mọ̀, ìyá mi. Ohun tá a fẹ́ lọ wò nìyẹn."

Ohun tí dókítà sọ, ọ̀rọ̀ ilé wa ni, ẹ jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Ẹ̀rìn ṣáà tán. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti kó obìnrin kan sáàárín, tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí kò tíì bímọ, mo máa ń béèrè pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Inú wọn kì í dùn sí mi. Mo ṣì ń bi wọ́n.