Kantíkantí Olójú Pupa

Ẹ má bá mi dárúkọ Déolú o. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, Bọ́látitó, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kóredé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ kó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Kantíkantí ló ń sìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ilé àyẹ̀wò kan wà lẹ́yìn Allen Avenue, níbi tí Dókítà Tẹ́júọlá ti ń fi àwọn kòkòrò tíntìntín tó máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù wádìí ohun tí ọtí ń ṣe lára. Olójú funfun ni gbogbo kantíkantí ibẹ̀. Irú èyí nìkan ni Dókítà ń sìn, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí olójú pupa ti ìta bá yọ́ wọlé. Èmi ni mò ń fọ ìgò. Ìyá Kóredé ló ń se oúnjẹ wọn: àgbàdo lílọ̀, ṣúgà àti ìwúkàrà, á rò ó bí ẹ̀kọ, á dà á sínú ìgò, á fi òwú dí i lẹ́nu.

Bí wọ́n bá fẹ́ fún kantíkantí lọ́tí, wọ́n á jẹ́ kí òórùn ọtí líle fẹ́ sí wọn nínú ìgò. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á máa sáré kiri. Tó bá yá, wọ́n á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, wọ́n á ṣubú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ń mu ún tẹ́lẹ̀ kì í tètè ṣubú mọ́. Ìyá Kóredé ló ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ó ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ náà, torí Déolú fẹ́ràn kó máa bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀mùtí ni Déolú. Ẹmu ló gba iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì kan l'Ágége. Lọ́dún tó kọjá ló ní òun ti yí padà. Ó gbé omi àdúrà wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì, nínú kẹ́ẹ̀gì búlúù, ó gbé e sí igun pálọ̀, ó ní wòlíì ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo Sátidé ló ń gbé e jáde lọ bù kún. Ta ló máa ń ṣí omi àdúrà ọlọ́mi wò ládùúgbò wa? Èmi Mùsùlùmí gan-an, bí mo bá wọlé wọn l'Abúlé Ẹ̀gbá, mo máa ń yà fún kẹ́ẹ̀gì yẹn. Àràárọ̀ ni tọkọtìyàwó ń kúnlẹ̀ tì í. Déolú á sì jáde, á máa rìn gbọọrọ, orógbó lẹ́nu.

"Ìyá Uswat, ó ti jáwọ́," Ìyá Kóredé á sọ fún mi, ayọ̀ á kún ojú rẹ̀.

Ìgbà tó yá, kantíkantí gba pálọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ bi Déolú pé kí ló dé. Ó ní ara aṣọ ìyàwó òun ni wọ́n ń bá wálé. Kò tán síbẹ̀. Ó tún sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òórùn ọtí ara rẹ̀ ń fa òun padà, pé bó bá fẹ́ kí òun yè, kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o!

Mo ní, "Ìyá Kóredé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

Ó ní, "Iṣẹ́ ò lè ju ọkọ mi lọ."

Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá Kóredé kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dáná sun aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìnkùlé. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, wọ́n ti gba ẹlòmíì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kantíkantí ò lọ. Wọ́n ń pọ̀ sí i ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ kí i. Ó ti mú ọ̀kan sínú ìgò, ó gbé e sí ojú fèrèsé.

"Ìyá Uswat, ẹ wo ojú rẹ̀."

Ojú pupa! Kì í ṣe ti ilé àyẹ̀wò. Ẹni tó ti ń wo ojú kantíkantí fún ọdún mẹ́sàn-án kò wo ti ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó ń wo ibi tí wọ́n ń bà sí. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni. Déolú ò dé e le, torí ẹmu tí wọ́n bá dé pa, á bẹ́ ni.

Ó ń bẹ̀rù èèwọ̀ wòlíì. Mo ní, "Ẹ ṣí i! Kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi."

Ó ṣí i. Ìfófòó ru sókè. Ẹmu! Sùbúhánállàhì! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé ni aṣeni ń gbé.

Ibẹ̀ ni Déolú ti wọlé bá wa. Ojú ò tì í.

"Kí lẹ̀ ń pariwo sí?" ló wí. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí i kí n ṣubú? Ìwọ náà lo sáà sọ fún mi pé ẹni tí ọtí bá ti mọ́ lára kì í tètè ṣubú."

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà, mo fẹ́ dà á lé e lórí. Ìyá Kóredé di ọwọ́ mi mú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Uswat, iṣẹ́ ti lọ, mo gbà. Ọtí ibi iṣẹ́ ti pa imú mi, ó mọ̀ pé mi ò ní gbóòórùn tiẹ̀, mo gbà yẹn náà. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń mú mi kúnlẹ̀ síbí. Òun á gbàdúrà, èmi á máa ṣe àmín. Ẹmu ni mò ń ṣe àmín sí."